Ọ̀rọ̀ Márùn-ún tí Wọ́n Fi Sin Sundus

Sundus Abdel-Ghani kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun àlàásárì, nínú wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú Pọ́tù Sáídì wa yìí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní ìwé kan tí òǹtẹ̀ ìjọba wà lórí rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n kọ ohun tó pa á, ọ̀rọ̀ márùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀: Ìrìnká ẹ̀jẹ̀ ṣàdédé já wálẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní èdè Lárúbáwá. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ló kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé ìdánwò mi, òdo ni ǹ bá fún un, nítorí kò dáhùn ìbéèrè. Ìbéèrè ni pé kí ló pa á. Ìdáhùn ni pé ó kú. Bàbá mi já bọ́ láti orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́rù ní èbúté, ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí ni wọ́n kọ fún un. Hájà Dawlat tó ń gbé ilé kejì sí wa pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ó sùn, kò jí mọ́, ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí náà ni. Ẹni tí mọ́tò gbá ńkọ́? Ẹni tó kó sómi ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ta ni kì í dúró tó bá kú? Oríṣiríṣi ọ̀nà là ń gbà wáyé lórílẹ̀-èdè yìí, àmọ́ lójú àwọn tó ń kọ ìwé, ikú kan ṣoṣo là ń kú. Ó kó mi nírìíra, mi ò sì ní fi bò.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sunkún díẹ̀.

Òkè tèmi gan-an ni wọ́n ń gbé, òun àti Afaf ìyá rẹ̀. Orí ọkọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la máa ń rí i. Láti kékeré ni Sundus ti mọ̀ pé tí mo bá fi okùn sọ agbọ̀n mi kalẹ̀ láti ojú fèrèsé kí wọ́n lè bá mi fi búrẹ́dì sí i, òun lè nawọ́ láti òkè, kó ju nǹkan sínú rẹ̀ bó ṣe ń gòkè bọ̀. Mo á fa agbọ̀n sókè, mo á bá ìwé pélébé kan lórí búrẹ́dì: "Àǹtí Safinaz, ẹ máa fẹsẹ̀ ara yín sọ̀ kalẹ̀ o, ó ti ń dípẹtà." Mo á gbójú sókè láti bú u, orí rẹ̀ á ti wọlé, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni mo máa gbọ́. Òun ni aṣọ́lé tó ń mú bọ́ọ̀lù fún àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ ní kíláàbù wa, ohùn rẹ̀ sì le débi pé tó bá pariwo lórí pápá, àwọn apẹja létí òkun á yíjú wò.

Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù, ó gba ilé ìdáná lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mi ò tíì jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ja bíi tirẹ̀ rí, èyí tí wọ́n fi àlùbọ́sà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná pa láró. Á gbé àwo kiri láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, á sì dúró tì mí títí mo máa fi lá àwo. Ó ní òun ni ọlọ́pàá àwo. Ọdún méjì gbáko ni ọmọ yìí fi bọ́ ilé alájà mẹ́fà, èmi tí mò ń pe ara mi ní olùkọ́ kò bi í lẹ́ẹ̀kan péré pé àwo tirẹ̀ dà.

Ká má tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ na ara wa lẹ́gba. Sundus gba ààwẹ̀ Rámàdáánì, gbogbo wa la gbà á. Ó fi ọjọ́ mẹ́fà ti oṣù Ṣáwwálì lé e, a ní ó káre. Ó ní òun fẹ́ san gbèsè ọjọ́ tí obìnrin máa ń jẹ, a ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ó wá bọ́ sórí ààwẹ̀ Ànábì Dáúdà, òní rèé, ọ̀la kọ́. Tí oòrùn bá wọ̀, èso dábínù kan àti omi ló fi ń ṣínu, á sì dìde lọ fọ abọ́. Kí la ṣe? A yìn ín. "Màṣáálàhù, ọmọ tó mọ Ọlọ́run." Ẹnu tèmi yìí ni mo fi sọ ọ́ níwájú ọmọ ọmọ mi, mo ní kó lọ kọ́gbọ́n lára Sundus. Ọmọ kan ń kú lọ lójú wa, à ń kí i kú oríire. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ lọ́jà wa lọ́dún yẹn, a kàn ń wo ẹ̀yìn orí ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé ilé ìwòsàn, ìmáàmù àdúgbò wa ni. Afaf lọ bá a ní ìgbà òtútù, ó ní ọmọ òun kì í jẹun, ó sì máa ń dákú tó bá dìde lójijì. Ìmáàmù ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run yọ̀ǹda fún pé kó jẹun tó kọ̀ tí kò jẹ, kì í ṣe ààwẹ̀ ló ń gbà. Ó ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má dúró de ọ̀la. Afaf sì gbọ́ràn.

Dókítà Midhat ló wò ó. Ọ̀gá ni, ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri. Ó di ọwọ́ Sundus mú, ó ka bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù: méjìdínlógójì ní ìṣẹ́jú kan. Ó béèrè bóyá ó máa ń ṣeré ìdárayá. Afaf dáhùn pé ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́. Kò béèrè ìgbà wo. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọkàn eléré ìdárayá nìyẹn, ọkàn tó lágbára kì í kánjú. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù fún ọdún méjì o. Irun rẹ̀ ń re, ọwọ́ rẹ̀ tutù bíi ti ẹja inú yìnyín, dókítà kọ oògùn irun fún un. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ẹ̀yin ẹ lọ sọ fún ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri. Kí wọ́n tó jáde, ó sọ gbólóhùn kan fún Afaf tí obìnrin náà kò gbàgbé títí dòní: "Àkẹ́bàjẹ́ lo tọ́. Gbé adìẹ síwájú ẹ̀, kó o sì gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo ti wá mọ ohun tó yẹ kó mọ̀. Ara tí ebi ti ń pa fún ọjọ́ pípẹ́ máa ń jẹ ẹran ara rẹ̀, ẹran sì ni ọkàn. Kì í ṣe agbára ló mú ọkàn Sundus lù díẹ̀díẹ̀. Kò rí nǹkan kan fi lù mọ́ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó dákú sórí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó wa sọdá sí Pọ́tù Fúádì, níbi tó ti ń kàwé. Àwọn èrò ọkọ̀ ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà ọkàn, èyí tó ń gbọ́ bó ṣe ń lù, wò ó, ó ní kì í ṣe aláìsàn tòun, ẹni tí kò fẹ́ jẹun ni, kí wọ́n lọ pe dókítà ọkàn kejì, èyí tó ń gbọ́ ohun téèyàn ń rò. Wọ́n pe ìyẹn. Ìyẹn ní ọkàn tó ń lù báyìí kì í ṣe iṣẹ́ òun, tó bá ti fara balẹ̀ kí wọ́n gbé e wá. Ohun tó bá ojú ti bá imú, àbí kí làwọn bàbá wa wí? Nílé ìwòsàn yìí, ojú ní ọ́fíìsì tirẹ̀, imú ní tirẹ̀, wọn kì í sì í kíra wọn. Ọmọ wá bọ́ sáàárín ọkàn méjì, wọ́n tì í sí wọ́ọ̀dù gbogboògbò lábẹ́ Dókítà Midhat kan náà. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù wà ní àjà òkè. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn. Mo gun àtẹ̀gùn lọ, mo fojú ara mi kà wọ́n.

Wọ́n gbé omi ṣúgà kọ́ sí i lára. Èyí bá tán, wọ́n á gbé òmíràn kọ́. Ẹ sì mọ bá a ṣe ń ṣe níhìn-ín, a kì í fọwọ́ lásán kí aláìsàn. Gbogbo obìnrin ilé wa ló gbé ìkòkò dé: ìrẹsì, adìẹ, ewé àjàrà tí wọ́n di ìrẹsì sínú rẹ̀. Èmi gbé ìrẹsì tí wọ́n fi mílíìkì sè. Dókítà Midhat kọjá, ó rí àwọn ìkòkò, inú rẹ̀ dùn. Ó ní báyìí gan-an ni, kó máa jẹ dáadáa, oògùn rẹ̀ nìyẹn.

Dókítà kan wà níbẹ̀, Lubna lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wa.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Ká máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ká gbé e sídìí ẹ̀rọ lókè. Tá a bá da ṣúgà báyìí lu ara tí ebi ti pa tó báyìí, ọkàn ẹ̀ lè dúró."

"Ebi ń pa ọmọ ọlọ́mọ, ìwọ ń wá iyọ̀. Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni?"

Wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run dárí jì mí. Ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n létí wa. Ta ló gbọ́ ọ rí pé oúnjẹ ń pa ẹni tí ebi ń pa?

Lubna ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn ìsìnkú, màá sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ìyá mìíràn lè gbọ́. Àwọn iyọ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fi ń lù. Lára ẹni tí kò jẹun fún oṣù púpọ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí ṣúgà bá ya wọlé lójijì, gbogbo ara á jí, á sì fa ìwọ̀nba tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹran. Ọkàn á wá nawọ́, kò ní bá nǹkan kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó bọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń fi oògùn dá iyọ̀ náà padà, tí wọ́n ń bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Ó wà nínú ìwé tí Dókítà Midhat fúnra rẹ̀ fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gbọ́ mi yé o, oúnjẹ ni ìwòsàn rẹ̀ lóòótọ́, òun ló yẹ kó gbà á là. Bí wọ́n ṣe rọ́ ọ lù ú láìwo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹsẹ̀ Sundus wú. Afaf sáré wá pè mí ní ọ̀nà àbáwọlé, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá wo ẹsẹ̀ ọmọ mi. Ó ti ń lẹ́ran." Mo lọ wò ó. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ibi tí mo tẹ̀ jìn wọlé, kò sì padà wá. Mo ní àlùhámdùlíláì. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ fi ahọ́n ké igbe ayọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi ìgbéyàwó. A yọ̀ lórí ikú, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé omi ni, kì í ṣe ẹran. Sundus wò mí, ó rọra sọ ọ́ kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́: "Àǹtí, mo dùbúlẹ̀, àmọ́ àyà mi ń sáré." Mo ní agbára ló ń wọlé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Títí mo máa fi wọ ilẹ̀, màá máa gbọ́ ohùn ara mi.

Wọ́n ń sọ kiri báyìí pé kò fẹ́ jẹun, pé òun ló pa ara rẹ̀. Irọ́ tó ń rùn ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀rù oúnjẹ yẹn ń bà á bí ẹ̀rù iná ṣe ń ba ọmọdé, omijé ń bọ́ sínú àwo, ó ṣì ń la ẹnu. Ṣíbí kan, méjì, mẹ́fà. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá òun máa lè kọ ìdánwò oṣù kẹfà. Ọmọ tó fẹ́ kú kì í béèrè ìdánwò. Ó jẹ ẹ́ nítorí pé ó fẹ́ yè, ó sì gbà wá gbọ́. Nígbà tó yá, ó ní kí ìyá òun gbé òun jókòó. Kó tó gbé e tán, orí rẹ̀ ti ṣubú sí èjìká Afaf.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé èmi àgbà obìnrin kàn ń sọ̀sọkúsọ, ẹ dúró. Lubna ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé láìgba àṣẹ, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ fún àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èsì jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn tí a ti tẹ́ òkú ọmọ. Iyọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Lubna gbé ìwé èsì náà lé Dókítà Midhat lọ́wọ́, ọ̀gá kà á lójú rẹ̀. Ó kà á tán, ó mú bíírò, ó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún rẹ̀. Lọ́jọ́rú, ìwé èsì ò sí nínú fáìlì mọ́. Lọ́jọ́bọ̀, Lubna náà ò sí ní wọ́ọ̀dù mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń to ìwé àtijọ́, nítorí pé ó rékọjá ọ̀gá rẹ̀. Ẹ wá rí i pé wọ́n lè tètè ṣiṣẹ́ tó bá wù wọ́n.

Mo lọ bá olùdarí ilé ìwòsàn náà. Ó fi mí jókòó, ó bu tíì fún mi, ó pè mí ní olùkọ́ wa àgbà. Ó wá tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sinmi. Ṣé ẹ fẹ́ kí ìlú gbọ́ pé ebi ló pa á nílé ìyá ẹ̀? Ohun tá a kọ yẹn, àánú la fi ṣe." Mi ò mu tíì náà. Àánú ta ni? Ẹ bá mi wá ẹni tí ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn bò láṣìírí, ẹ máa rí i pé kì í ṣe ẹni tó wà ní ibojì.

Ẹ wá wo ohun tí àánú yín ṣe lókè ilé mi. Afaf kì í dáná mọ́. Ó jókòó sórí àga kan nínú ilé ìdáná, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé láti kí i, ohun kan náà ló ń sọ fún un: "Ọwọ́ mi ló pa á. Èmi ni mo bọ́ ọ." Ìwé ìjọba ò lè sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́, pé àṣẹ dókítà ló tẹ̀ lé, pé iyọ̀ kan ló yẹ kí wọ́n wò tí wọn ò wò. Ẹni tó kọ ìwé náà ti sá lọ, ó fi ìyá sílẹ̀ kó jẹ́bi nìkan.

Mo fẹ́ kí wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn, kí wọ́n kọ òótọ́ síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ìwé èsì padà síbi tí wọ́n ti yọ ọ́, kí ẹni tó yọ ọ́ jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí Dókítà Midhat dúró níwájú ìgbìmọ̀ tí kò bá a jẹun rí, kó sì gun àtẹ̀gùn wá sọ fún Afaf lójúkojú pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Kí wọ́n dá Lubna padà sídìí aláìsàn. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí mo fẹ́ jáwọ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò tíì dípẹtà tó yẹn. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tí kò lè dúró ni èyí. Láàárọ̀ àná, mo tún lọ béèrè fáìlì, mo sì gba inú wọ́ọ̀dù náà kọjá. Ọmọbìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo mọ ọrùn yẹn, mo mọ ọwọ́ yẹn, bíi ti Sundus ni wọ́n gbẹ. Omi ṣúgà ń kán sí i lára, ìyá rẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì. Mo béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò. Ìyá náà ní dókítà ti sọ pé oúnjẹ loògùn rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́ sinmi díẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè. Nọ́ọ̀sì dì mí lápá, ó mú mi jáde. Mo pe Lubna, Lubna pe gbogbo ẹni tó mọ̀, kò sẹ́ni tó gbé fóònù ẹni tó ń to ìwé àtijọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ olóòtú kó tẹ èyí jáde láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á nídìí tíì yín, ẹ mọ ilé ìwòsàn náà, ẹ mọ nọ́ńbà wọn. Ẹ pè wọ́n. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà bi wọ́n pé ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ṣé ẹ ti yẹ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Tí wọ́n bá já fóònù mọ́ yín lẹ́nu, ẹ tún pè. Ọmọ náà ṣì wà láàyè nígbà tí mo kọ èyí.